Afẹ́fẹ́ Tí Ń Pa Ni: Ìtàn Bí Ọmọ Aráyé Ti Ṣe Kọ́ Láti Wọn Ewu Rẹ̀

Àkọlé ọ̀rọ̀ wa lè dàbí ohun àjèjì létí àwọn mìíràn. Ènìyàn a máa bẹ̀rù iná, a máa bẹ̀rù omi, a sì máa bẹ̀rù ejò. Ṣùgbọ́n ta ni ń bẹ̀rù afẹ́fẹ́ tí ó ń mí? Síbẹ̀ afẹ́fẹ́ ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láìdá ọgbẹ́ kan sí wọn lára, láìpariwo, láìní àwọ̀, àti ní ìgbà púpọ̀, láìrùn rárá.

Kí a tó wọ inú ìtàn, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó mú wa yan ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a sin ọmọ ìyá méjì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n ni ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú kànga láti kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n pè é, kò dáhùn mọ́. Àbúrò rẹ̀ kò dúró gbọ́ ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni; ó di okùn mú, ó tẹ̀lé e, òun náà kò sì gòkè mọ́. Létí ibojì, ìyá wọn bi wá pé, omi inú kànga náà kò mu ènìyàn dé orúnkún, kí ni ó wá pa àwọn ọmọ òun? A gbàdúrà, a sì tù ú nínú, ṣùgbọ́n a kò lè dáhùn ìbéèrè náà bí ó ti yẹ. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wá ìdáhùn nínú ìwé, èyí tí a sì rí ni a mú wá fún yín.

Àwọn baba wa a máa wí pé, ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kòtò tí à ń sọ yìí yàtọ̀ sí kòtò mìíràn, nítorí pé ará ẹ̀yìn kì í rí ohun tí ó gbé ará iwájú ṣubú. Nítorí náà kì í kọ́gbọ́n, ṣe ni ó máa ń tẹ̀lé e. Gbogbo ìtàn tí a ó sọ yìí jẹ́ ìtàn bí àwọn ènìyàn ti ṣe ń wá ọ̀nà láti rí ohun tí ojú kò lè rí, kí ó má baà di pé ikú ẹnìkan ni yóò máa jẹ́ àmì fún ẹnìkejì.

I. Ọ̀NÀ MÉJÌ TÍ AFẸ́FẸ́ FI Ń PA NI

Bí a bá pín afẹ́fẹ́ òde gbangba sí ọ̀nà 100, ọ̀nà 78 nínú rẹ̀ jẹ́ náítírójìn, tí kò ṣe wá ní nǹkan; ọ̀nà 21 jẹ́ ọ́síjìn, èyí tí ẹ̀mí wa rọ̀ mọ́; ìyókù kò tó nǹkan. Ọ́síjìn yìí ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí ó sì ń rù lọ sí ọpọlọ, sí ọkàn, àti sí gbogbo ẹ̀yà ara. Bí kò bá dé ọpọlọ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀, òpin dé.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí afẹ́fẹ́ mìíràn wá gba àyè ọ́síjìn. Bí ọ́síjìn bá lọ sílẹ̀ sí ọ̀nà 10 nínú 100, ènìyàn lè dákú. Bí ó bá lọ sílẹ̀ sí 6, ikú kò jìnnà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nínú irú àwọn afẹ́fẹ́ agbàyè bẹ́ẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì wà, èyí tí àwa tìkára wa ń mí jáde, tí ewé jíjẹrà àti ọtí tí ń hó sì ń tú jáde. Ó wúwo tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ afẹ́fẹ́ òde, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ó máa ń wọ́ sí, bí omi ti ń wá ibi tí ó rẹlẹ̀. Òun sì burú ju agbàyè lásán lọ: bí ó bá tó ọ̀nà 10 nínú 100, ó lè mú kí ènìyàn dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ọ́síjìn tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ṣòro láti fura sí ju ti ìṣáájú lọ. Nínú rẹ̀, ọ́síjìn wà yí ènìyàn ká, ṣùgbọ́n ara kò lè lò ó. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ni olórí irú wọn, èyí tí iná ń bí nígbà tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó láti jó dáadáa. Ní ọdún 1857 ni Claude Bernard, ọ̀jọ̀gbọ́n ará ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé afẹ́fẹ́ yìí a máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, a sì máa lé ọ́síjìn kúrò ní àyè rẹ̀. Agbára tí ó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ lé ní 200 ìlọ́po ti ọ́síjìn. Nítorí náà díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti ṣe ibi púpọ̀.

II. FÌTÍLÀ ÀTI AJÁ

Àwọn agbẹ́kànga ni ó kọ́kọ́ pọn dandan fún láti mọ ọgbọ́n yìí. Ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú ìbí Olúwa wa, ará Róòmù kan tí à ń pè ní Vitruvius kọ ìwé mẹ́wàá lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́. Nígbà tí ó dé orí ọ̀rọ̀ kànga, ó gba àwọn oníṣẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fìtílà tí a tàn kalẹ̀ sínú kànga: bí iná rẹ̀ kò bá kú, wọ́n lè sọ̀kalẹ̀, bí ó bá kú, kí wọ́n gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ kànga náà ní apá ọ̀tún àti apá òsì, kí afẹ́fẹ́ búburú lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ kíyè sí i pé Vitruvius kò mọ orúkọ ọ́síjìn, kò sì mọ ìdí rẹ̀ tí fìtílà fi ń kú. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kí fìtílà kú ṣáájú sàn ju kí ènìyàn kú lọ.

Ọgbọ́n náà ní ìdí tí ó lágbára. Iná àbẹ́là a máa kú nígbà tí ọ́síjìn bá lọ sílẹ̀ sí bí ọ̀nà 16 tàbí 17 nínú 100, ènìyàn sì lè wà láàyè síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà fìtílà a máa sọ̀rọ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, a rí àwọn agbẹ́kànga ilẹ̀ wa náà tí wọ́n so fìtílà mọ́ okùn kí wọ́n tó wọlé. A rò nígbà náà pé wọ́n kàn fẹ́ ríran ni.

Ní ẹ̀bá ìlú Naples, ní ilẹ̀ Ítálì, ihò àpáta kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Ihò Ajá. Láti inú ilẹ̀ ibẹ̀, tí í ṣe ilẹ̀ òkè oníná, ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ti ń jáde, tí ó sì ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ihò náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn amọ̀nà fi ń mú àlejò lọ wò ó. Wọn a mú ajá wọlé. Ènìyàn tí ó dúró kò ní mọ nǹkan kan lára, ṣùgbọ́n ajá, tí imú rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, yóò dákú. Nígbà náà ni wọn yóò gbé e jáde sí gbangba kí ó lè jí. Eré ìkà ni, a kò sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn títí a ó fi dé ilẹ̀ Kamẹrúùnù: ènìyàn méjì lè wà nínú ilé kan náà, kí èyí tí ó dúró wà láàyè, kí èyí tí ó dùbúlẹ̀ sì kú.

Ó di ọdún 1754 kí Joseph Black, ní Yunifásítì Edinburgh ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, tó fi ìdánwò hàn pé afẹ́fẹ́ yìí jẹ́ ohun kan lọ́tọ̀, tí a lè tú jáde láti inú òkúta ẹfun, tí ó sì ń pa iná àti ẹran. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé “afẹ́fẹ́” kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ní ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1774, Joseph Priestley, tí òun náà jẹ́ oníwàásù, rí afẹ́fẹ́ tí àbẹ́là ń jó kíkankíkan nínú rẹ̀. Lavoisier ará Faransé ni ó sọ ọ́ ní ọ́síjìn.

III. NÍNÚ KÙSÀ ÈÉDÚ

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti ná ni ní ẹ̀mí púpọ̀ ni kùsà èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn awakùsà mọ oríṣi afẹ́fẹ́ búburú mẹ́ta, wọ́n sì ti fún wọn lórúkọ kí ọ̀mọ̀wé tó dé. Èkíní ni èyí tí ń gbiná, tí í ṣe mẹ́tẹ́ènì. Èkejì ni afẹ́fẹ́ dúdú, níbi tí ọ́síjìn ti tán, tí fìtílà sì ń kú. Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ ìgbẹ̀yìn, èyí tí ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí iná bá ti bú gbàmù. Inú rẹ̀ sì ni kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì wà.

Ẹ wo ìṣòro wọn: fìtílà tí Vitruvius fi ń dán kànga wò, òun kan náà ni ó ń tanná ran mẹ́tẹ́ènì. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1812, iná bú gbàmù nínú kùsà Felling, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 92 sì kú. Àlùfáà tí kùsà náà wà nínú ìjọ rẹ̀ ni John Hodgson. Òun ni ó sin àwọn òkú. Kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ibojì. Ó kọ ìtàn ìjàm̀bá náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé yóò bí àwọn olówó kùsà nínú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó ta àwọn ènìyàn jí láti wá àtúnṣe. Ní ọdún 1815, Humphry Davy ṣe fìtílà tí a fi àwọ̀n irin tín-ín-rín yí iná rẹ̀ ká, kí ooru iná náà má baà ran afẹ́fẹ́ ìta. Ní oṣù Kìíní ọdún 1816, Hodgson wà lára àwọn tí ó mú un wọ inú kùsà Hebburn láti dán an wò. Àwa tí a jẹ́ àlùfáà kò lè ka ìtàn ọkùnrin yìí kí ojú má tì wá díẹ̀. Nítorí òkú sísin ti mọ́ wa lára, ṣùgbọ́n bíbéèrè ohun tí ó pa wọ́n kò mọ́ wa lára.

Síbẹ̀, fìtílà Davy kò mú ikú kúrò nínú kùsà. Nítorí pé wọ́n gbẹ́kẹ̀lé e, àwọn ènìyàn wọ ibi tí ó jìn, tí ó sì léwu, tí wọn kì bá tí wọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́: ohun èlò tí a fi ń mọ ewu lè sọ ni di aláìbẹ̀rù. Àléébù mìíràn sì wà: fìtílà kò lè fi kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì hàn. Iná yóò máa jó geere níbi tí ènìyàn ti ń kú lọ.

Ẹni tí ó tú àṣírí ìkẹyìn yìí ni John Scott Haldane, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford. Ní oṣù Kìíní ọdún 1896, iná bú gbàmù nínú kùsà Tylorstown ní ilẹ̀ Wales, ènìyàn 57 sì kú. Èrò gbogbo ènìyàn ni pé iná àti agbára ìbúgbàmù náà ni ó pa wọ́n. Haldane lọ yẹ àwọn òkú wò, ó wo àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì rí i pé púpọ̀ jùlọ nínú wọn kò kú nípa iná, bí kò ṣe nípa kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì tí iná náà fi sílẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí. Ẹni tí ìbúgbàmù pa, kò sí ohun tí a lè ṣe fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí afẹ́fẹ́ ìgbẹ̀yìn ń pa, a lè gbà á là, bí a bá mọ ibi tí afẹ́fẹ́ náà wà.

Kí ó tó tó àkókò yìí, Haldane ti fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò: ó mí kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì símú ní ìwọ̀n tí ó mọ̀, ó ń gba ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kọ bí ara ti ń rí sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi lè gbé e mọ́. Nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí i pé ẹ̀dá kékeré, nítorí pé èémí rẹ̀ yára, a máa ṣubú ṣáájú ènìyàn. Nítorí náà ó gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa mú eku tàbí ẹyẹ kékeré wọ inú kùsà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn olùgbàlà kùsà ti ń gbé ẹyẹ kánárì nínú àgò. Nígbà tí ẹyẹ bá ṣubú, wọn a padà. Wọ́n tilẹ̀ ṣe àgò kan tí ó ní ìgò ọ́síjìn lórí, kí wọ́n lè jí ẹyẹ náà. Ní ọdún 1986 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rọ rọ́pò àwọn ẹyẹ wọ̀nyí, tí ó kù ju 200 lọ nínú àwọn kùsà nígbà náà.

A kò gbọ́dọ̀ rò pé ìmọ̀ nìkan tó. Ọdún 17 lẹ́yìn ìwádìí Haldane ní Tylorstown, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1913, ènìyàn 439 kú ní kùsà Senghenydd ní ilẹ̀ Wales kan náà, olùgbàlà kan sì kú pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni afẹ́fẹ́ ìgbẹ̀yìn pa.

IV. BÍ A TI Ń ṢÍRÒ EWU

Fìtílà, ajá àti ẹyẹ ń sọ fún ni pé ewu wà. Wọn kò sọ bí ó ti pọ̀ tó, tàbí bí ó ti lè pẹ́ tó kí ó tó ṣe ni níbi. Ìbéèrè yìí di ọ̀ràn ńlá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ gba abẹ́ odò Hudson láti New York lọ sí New Jersey. Èéfín ọkọ̀ kún fún kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì. Báwo ni wọn yóò ti ṣe tí àwọn arìnrìn-àjò kò fi ní kú sínú ihò náà? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Yunifásítì Yale, Yandell Henderson àti Howard Haggard, ti ènìyàn mọ́ inú yàrá, wọ́n sì fún wọn ní afẹ́fẹ́ náà mí ní ìwọ̀n. Wọ́n rí i pé bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ìpín 10,000, tí kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì kò sì ju ìpín 4 lọ, ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ fún wákàtí kan láìní ìpalára tí ó hàn. Lórí èyí ni wọ́n fi mọ iye afẹ́fẹ́ tútù tí ọ̀nà náà nílò. Nígbà tí wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1927, abẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀rọ 84 ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, tí ó sì ń fà á jáde.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọ̀nyí fi ìṣirò kan sílẹ̀ tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe. Ka iye ìpín kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí a pín sí 1,000,000, kí o sì fi iye wákàtí sọ ọ́ di púpọ̀. Bí èsì rẹ̀ bá jẹ́ 300, ara kì í mọ nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ 600, ara bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ 900, orí fífọ́ àti èébì dé. Bí ó bá jẹ́ 1,500, ẹ̀mí wà nínú ewu. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ọkùnrin kan wọ yàrá tí ìpín náà jẹ́ 300, ó sì lo wákàtí kan níbẹ̀: èsì rẹ̀ jẹ́ 300, ó jáde ní àlàáfíà. Ọkùnrin kan náà sùn nínú yàrá kan náà fún wákàtí 5: èsì rẹ̀ jẹ́ 1,500. Afẹ́fẹ́ kan náà ni, ẹnìkan náà ni. Wákàtí nìkan ni ó yí padà. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń wí pé, “Mo ti wọ ibẹ̀ rí, kò ṣe mí ní nǹkan,” kò tí ì sọ nǹkan kan.

Ìṣirò yìí kì í ṣe òfin tí kò ní àyípadà. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ agbára ń mí kíákíá, májèlé náà a sì tètè kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Aboyún àti ọmọ inú rẹ̀, ọmọdé, àti ẹni tí àrùn ọkàn ń ṣe kò lè fara dà á bí ẹlòmíràn. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ewu afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè ohun márùn-ún: irú afẹ́fẹ́ wo ni? Báwo ni ó ti pọ̀ tó? Wákàtí mélòó ni a ó lò nínú rẹ̀? Ta ni yóò wà níbẹ̀, iṣẹ́ wo ni yóò sì máa ṣe? Ibo ni afẹ́fẹ́ náà lè gbà jáde?

V. ADÁGÚN MÉJÌ NÍ KAMẸRÚÙNÙ

Ẹ jẹ́ kí a wá sún mọ́ ilé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1984, ènìyàn 37 kú ní àfẹ̀mọ́jú lẹ́bàá adágún Monoun ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Nínú ìtàn ọjọ́ náà ni a ti gbọ́ nípa ọkọ̀ kan tí ó wọ inú ìkùukùu náà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ kú. Àwọn tí ó sọ̀kalẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ rìn ṣubú, wọ́n sì kú. Àwọn méjì tí ó jókòó sí orí ẹrù lókè ni ó yè. Ẹ rántí Ihò Ajá.

Ọdún méjì àti ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1986, adágún Nyos ru sókè. Adágún yìí wà ní apá ìwọ̀-oòrùn àríwá Kamẹrúùnù, ní agbègbè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà kí àwọn ará ibẹ̀ tó dìbò ní ọdún 1961 láti darapọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù. Omi rẹ̀ sì ń ṣàn lọ bá odò Katsina-Ala, tí í wọ Bẹ́núè. Ara ilẹ̀ wa ni, bí ẹ bá rò ó dáadáa. Ìkùukùu kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ti inú omi náà jáde, ó wọ́ gba àfonífojì lọ sí Nyos, Kam, Cha àti Subum, ó sì rìn tó kìlómítà 25. Ènìyàn bí 1,700 kú, àti ẹran ọ̀sìn bí 3,500. Àwọn tí ilé wọn wà lórí òkè yè. Nínú àwọn tí ó dákú ní ìsàlẹ̀, àwọn mìíràn jí lẹ́yìn wákàtí púpọ̀, wọ́n sì rí gbogbo ará ilé wọn ní òkú yí wọn ká. Fìtílà kú, bẹ́ẹ̀ ni òróró wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Vitruvius ìbá ti mọ ìtumọ̀ àmì yẹn.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Afẹ́fẹ́ náà ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ òkè oníná wọ inú omi ìsàlẹ̀ adágún, tí ó jìn ju mítà 200 lọ. Ìwúwo omi òkè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí ìdérí ti tẹ ohun tí ń hó mọ́ inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí omi ìsàlẹ̀ bá rí ọ̀nà gòkè díẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a hó, a fa omi púpọ̀ sí i gòkè, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi tú jáde lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn ìjàm̀bá yìí ni onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Eugenia Shanklin, kó àwọn ìtàn àtẹnudẹ́nu agbègbè náà jọ nípa adágún tí ń pa ènìyàn. Àwọn ará Kom ní ìtàn ọba wọn kan tí ó pokùn so. Adágún hù níbi tí ara rẹ̀ ti kán sílẹ̀, ẹja kún inú rẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀tá wọn, ará Bamessi, sì wá pẹja níbẹ̀, omi náà gbé wọn lọ. Àwọn tí ó kàwé a máa fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwa kò ní rẹ́rìn-ín. Ìtàn náà kò mọ orúkọ afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ó ti wí tipẹ́ pé adágún lè pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì.

Àtúnṣe dé, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, wọ́n ri páìpù gígùn kan sí ìsàlẹ̀ adágún Nyos, kí omi ìsàlẹ̀ lè máa gòkè díẹ̀díẹ̀ kí ó sì máa tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà á bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú omi náà fúnra rẹ̀ ni ó ń tì í gòkè, omi sì tú sókè tó bí mítà 50. Monoun gba tirẹ̀ ní ọdún 2003. Wọ́n sì fi páìpù méjì kún ti Nyos ní ọdún 2011. Àwọn tí ó là á já ni a kó lọ sí àgọ́ bí Buabua àti Kimbi, níbi tí ọmọ wọn ti dàgbà láìmọ ilẹ̀ baba wọn. Adágún Kivu, láàárín Rùwáńdà àti Kóńgò, ní irú afẹ́fẹ́ yìí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti mẹ́tẹ́ènì pẹ̀lú, àwọn ènìyàn tí ń gbé yí i ká sì tó 2,000,000. Ojú àwọn onímọ̀ kò kúrò lára rẹ̀.

VI. OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ní ọdún 1986 kan náà, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìwádìí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ tẹ ìkìlọ̀ kan jáde nípa ikú nínú kòtò, àgbá ńlá, àti ibi híhá gbogbo. Wọ́n wí níbẹ̀ pé, nínú àwọn tí ń kú ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ó lé ní 60 nínú 100 tí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń lọ gbà là. Nígbà tí a ka ọ̀rọ̀ yìí, a pa ìwé náà dé, a sì jókòó fún ìgbà pípẹ́. Nítorí pé àbúrò tí a sin ni a rí níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ gba ìmọ̀ràn wa. Bí ẹnìkan bá dákú nínú kànga tàbí nínú kòtò ṣaláńgá, ẹ má ṣe tẹ̀lé e. Ẹ ké pe àwọn panápaná àti àwọn tí ó ní ẹ̀rọ ìmí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ kànga gbọ́dọ̀ so okùn mọ́ ara rẹ̀ kí ó tó wọlé, kí alágbára méjì sì dúró lókè, kí a lè fà á jáde láìsí pé ẹlòmíràn wọlé. Fìtílà dára, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀lé e níbi tí ẹ̀rọ afami elépo ti ṣiṣẹ́, nítorí kò lè fi kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì hàn. Níbi tí epo tàbí afẹ́fẹ́ tí ń gbiná bá sì wà, fìtílà fúnra rẹ̀ di ewu. Lóde òní ẹ̀rọ kékeré wà tí ń wọn ọ́síjìn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ tí ń gbiná, lẹ́yìn náà májèlé; bí ọ́síjìn kò bá tó ọ̀nà 19.5 nínú 100, òfin Amẹ́ríkà kà á sí ibi tí kò ní afẹ́fẹ́ tó. Ẹ má sì fi imú ṣe onídàájọ́. Afẹ́fẹ́ ṣaláńgá tí ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́ a máa pa agbára imú nígbà tí ó bá pọ̀. Ẹni tí kò gbóòórùn mọ́ a rò pé ewu ti lọ, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Nínú ilé wa, jẹnẹrétọ̀ ni kùsà wa. Ẹni tí ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà tàbí abẹ́ fèrèsé nítorí olè, ó ti sá fún olè, ó sì ti pe ikú wọlé. Ìta gbangba ni àyè rẹ̀, jìnnà sí fèrèsé gbogbo. Bákan náà ni ìkòkò ẹyín iná tí a gbé wọ yàrá nítorí òtútù. Bí orí bá sì ń fọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ilé kan lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara sì ń yá wọn nígbà tí wọ́n bá jáde síta, kí wọ́n má ṣe wí pé ibà ni tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí gbogbo wọn jáde.

Ẹ̀kọ́ yìí ti gba ọ̀nà jíjìn wá, láti ọwọ́ Vitruvius dé ọ̀dọ̀ Hodgson, láti ọ̀dọ̀ Haldane dé Nyos. Òkú ni ó sì san owó rẹ̀ ní ibi gbogbo. A ti padà lọ sọ́dọ̀ ìyá náà. A sọ fún un pé kì í ṣe omi ni ó pa àwọn ọmọ rẹ̀, kì í sì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Afẹ́fẹ́ tí kò ní ọ́síjìn tó ni ó wà ní ìsàlẹ̀ kànga náà, ẹ̀gbọ́n kò mọ̀, àbúrò kò sì lè dúró wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá a ti sọ fún àwọn agbẹ́kànga yòókù ní ìlú.

Nítorí ìbéèrè rẹ̀ yìí ni a fi wá dúró níwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí.